Àyè Funfun Tí Màmá Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibi iṣẹ́ náà ní Fairwood, mo kí ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ títọ́jú àgbàlagbà ni mo ń ṣe. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà kí n tó kúrò n'Íbàdàn, nígbà tí mo sì dé Maryland, iṣẹ́ yìí ló kọ́kọ́ gbà mí, mi ò sì tíì kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lọ sọ́dọ̀ bàbá kan, ará Ṣáínà, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ní apá ọ̀tún. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ewì àtijọ́ ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo bi wọ́n bóyá mo lè máa pè wọ́n ní Bàbá, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ṣe ń pe bàbá rẹ̀ lédè tàwọn, kí n máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní D.C., ló ń bá wọn gbé. Ó jù mí lọ dáadáa, nítorí náà Àǹtí ni mo ń pè é.

Àǹtí ń mú mi yí ilé ká láàárọ̀ ọjọ́ náà, àpò ọ́fíìsì ti wà léjìká rẹ̀. A dé ẹnu yàrá kan lẹ́yìn pálọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀. Mo gbọ́ ohùn bí ìgbà tí èèyàn bá ń yí ṣíbí nínú ife omi. Ó yí i, ó yí i, ó kan ẹnu ife lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i. Mi ò tilẹ̀ ronú. Orúnkún mi tẹ̀, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

Àǹtí dúró. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo kí ẹni tó wà nínú yàrá ni, mà."

"Kò sí ẹnì kankan nínú yàrá. Èmi àti Dádì nìkan là ń gbé ibí."

Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu kí n lè rí inú rẹ̀. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì bíi mẹ́wàá rọ̀ dojú bolẹ̀ lára igi kan, ìkòkò amọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo yọjú wo inú rẹ̀. Ó gbẹ, eruku wà ní ìsàlẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà lára ògiri.

Nígbà tí Àǹtí wa mọ́tò rẹ̀ lọ tán, Bàbá pè mí láti orí àga onítáyà wọn. Ọ̀rọ̀ kò tètè ń jáde lẹ́nu wọn, ó máa ń jọ pé wọ́n ń gbé e wá láti ibi jíjìn.

"O gbọ́ ọ," ni wọ́n wí.

"Kí ni, sà?"

"Ìyàwó mi. Ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ọmọ mi kì í gbọ́ ọ."

Ìyàwó wọn ti kú láti bí oṣù mẹ́sàn-án. Mo ní nínú ara mi pé páìpù omi ni. Mo ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kí n sọ òótọ́, mi ò fẹ́ràn àdúgbò yẹn. Ní Hyattsville níbi tí à ń gbé, mo máa ń gbọ́ ọmọ aládùúgbò tó ń sunkún, mo máa ń gbọ́ bọ́ọ̀sì, èèyàn ń lọ èèyàn ń bọ̀. Ní Fairwood, ilé ńláńlá jọra wọn títí lọ, koríko gún régé, o lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kí o má rí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Adágún omi kan wà lẹ́yìn ilé Bàbá. Bí òtútù bá dé, kùrukùru á gbéra lórí omi náà, á bo àwọn igi títí dé àárín, orí wọn nìkan ni wàá máa rí, bíi pé kò sí ohun tó gbé wọn ró.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Bàbá máa ń ní kí n ti àwọn wọ yàrá náà. Èmi á jókòó lórí àpótí. Wọ́n á ní kí n wo àwòrán.

"Kí lo rí?"

"Òkè, sà. Igi. Ilé kékeré kan. Afárá onígi."

"Odò ńkọ́?"

Mo wò ó dáadáa. "Kò sí odò, sà."

"Kí wá ni afárá ń ṣe níbẹ̀?"

Mo tún wò ó. Abẹ́ afárá náà, bébà lásán ni. Kò sí ìlà kan, kò sí àwọ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán báyìí, omi wà níbẹ̀. Mo rí i tó ń ṣàn. Irun ọwọ́ mi dìde.

"Ìyàwó mi ò kun omi rí láyé rẹ̀," ni Bàbá wí. "Ó máa ń fi àyè sílẹ̀ fún un ni."

Mo béèrè pé òòrùn dà nínú àwòrán. Wọ́n ní kò sí. Mo wá òjìji lábẹ́ igi, mo wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kò sí èyíkéyìí. Ìmọ́lẹ̀ kan ṣáà wà káàkiri tí kò ti ibì kankan wá. Kò sí èèyàn pẹ̀lú. Ilẹ̀kùn ilé kékeré náà ṣí sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń wọlé tàbí tó ń jáde.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sọ fún mi bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ fún àádọ́ta ọdún. Màmá, ìyàwó wọn, ló ń ya òkè àti igi. Kì í sọ ohun tó yà fún ọkọ rẹ̀. Á fi ibì kan sílẹ̀ lókè bébà láìfọwọ́ kàn án, á fi í kọ́ ògiri, á jáde. Bàbá á jókòó síwájú rẹ̀, nígbà mìíràn fún ọjọ́ méjì, títí wọ́n á fi gbọ́ nǹkan. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ ni ewì tí wọ́n á kọ sí àyè náà. Búrọ́ọ̀ṣì kan náà, tàdáwà kan náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, Màmá á wá tẹ òǹtẹ̀ pupa rẹ̀ sí i. Iṣẹ́ parí nìyẹn, á fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, á jáde kúrò nínú yàrá.

"Ṣé ohun tó wà nínú àwòrán náà lẹ ó tún kọ, sà?" ni mo bi wọ́n.

Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì gbọ́ràn rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá kọ ọ́ pé òkè ga, ojú ti rí i pé ó ga. Mo ti fi tàdáwà ṣòfò. Ohun tí ojú ò lè rí ni kí n kọ. Agogo tó ń dún lẹ́yìn òkè. Òtútù. Ẹni tó ti kọjá kí ìwọ tó dé."

Ìyẹn yé mi ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ìyá ìyá mi kì í jí mi láàárọ̀ láì kì mí. Èmi náà nìyẹn lórí ẹní, wọ́n rí mi, mo rí ara mi. Ṣùgbọ́n oríkì yẹn á pe àwọn tí mi ò mọ̀ rí, ìlú tí mi ò dé rí, á kó gbogbo wọn jọ sórí ẹní kan náà pẹ̀lú mi, orí mi á wú. Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n ní kí n kì wọ́n ní ti ọmọ mi. Mo kì í. Wọ́n di ojú wọn títí mo fi parí.

Àwòrán tó wà lára ògiri yìí ni ìgbẹ̀yìn tí Màmá yà. Kò ní ewì. Àyè náà wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó funfun, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń fa ìjà nínú ilé náà. Àǹtí fẹ́ kí Bàbá kọ ọ́ kí ọdún Màmá tó pé, torí àwọn ẹbí á wá láti California àti láti Ṣáínà. Ó ní kí n máa fún ọwọ́ òsì wọn ní eré ìdárayá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Mò ń ṣe é, ọwọ́ náà sì ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n Bàbá kò jẹ́ kọ nǹkan kan ju ìlà òró àti ìlà ìbú lọ.

"Dádì, ṣé àwòrán tí kò parí ni wọ́n máa wá bá lára ògiri?" Àǹtí bi wọ́n níṣojú mi.

"Kò sí ohun tó lé e."

"Ẹ ti gbọ́ ewì ẹ̀. Mo mọ̀ yín. Ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ kàn fi pamọ́ sínú ni."

"Mo gbọ́ ọ lójoojúmọ́," ni Bàbá wí, wọ́n wò mí.

Nígbà tí Àǹtí jáde, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, bí ẹni tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń tan sítóòfù. "Bí mo bá kọ ọ́, iṣẹ́ parí. Bí iṣẹ́ bá parí, á jáde. Kò sí òmíràn tó máa bẹ̀rẹ̀."

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ohun tó ń mú wọn wà láàyè, mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ǹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, kò sí ẹni tó lè mú ọmọ mi dání lọ́jọ́ Túsìdeè àti Fúráìdeè tí mo máa ń lọ síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni, obìnrin. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́, Àǹtí sì gbà kí n máa mú un wá. Á mú bébà àti kírénì tó fi ń ya àwòrán jókòó sílẹ̀ nínú yàrá náà. Ní Túsìdeè kan, mo tẹ̀ síwájú láti wo ohun tó yà. Ilé kan, ajá kan, èmi tí orí mi tóbi. Apá òkè bébà wà ní funfun.

"Kí ló dé tó ò kùn ún dé ibí?"

"Ìyá àgbà ní kí n fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀."

"Ìyá àgbà wo?"

Ó fi kírénì nàka sí tábìlì, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìyá mi wà n'Íbàdàn, ìyá ọkọ mi wà ní Ọ̀yọ́. Inú fóònù nìkan ni ọmọ yìí ti mọ̀ wọ́n.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo sọ ọ́ fún ìyá kan tó máa ń jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Capitol Heights. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín.

"O gbọ́ ohùn, o wá kúnlẹ̀ kí i?"

"Mi ò mọ̀ pé kò sí èèyàn níbẹ̀, mà."

"O tún gbé ọmọ lọ bá a. Ó ti ń kọ́ ọmọ ẹ níṣẹ́ báyìí. O kú oríire o, lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́."

"Mà, mo bẹ̀ yín."

"Èmi kọ́ ni kí o bẹ̀." Wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n fi ìgò òróró kékeré lé mi lọ́wọ́. "Ẹnu ọ̀nà. Fèrèsé. Kí o pàṣẹ fún un kó lọ. Má fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́."

Ní Fúráìdeè, kùrukùru bo adágún náà débi pé a ò rí àwọn igi mọ́ rárá. Bàbá ṣì ń sùn. Mo wọ yàrá náà, mo fi àtàǹpàkò kan òróró, mo fi kan òpó ilẹ̀kùn méjèèjì àti férémù fèrèsé. Mo pàṣẹ. Ohùn mi kéré, ojú sì ń tì mí, torí kò sí ibi tí mo lè kọjú sí. Níbi tí mo ti ń sọ ọ́, híítà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Àwòrán náà kò ní gíláàsì, orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi pín-ìn-nì kan ògiri. Atẹ́gùn gbé e, ó fẹ́ ya kúrò. Mo sáré na ọwọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Àtàǹpàkò mi bọ́ sí inú àyè funfun náà.

Àmì náà kò ju ẹyọ ẹ̀pà lọ. Mo fi etí aṣọ mi nù ún, ó fẹ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn omi lẹ́yìn mi, lẹ́bàá tábìlì, ó yí i, ó yí i, ó kan ẹnu ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì. Kò yára, kò bínú. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo gbé ọmọ mi nínú pálọ̀, mo lọ dúró sí kíṣìnì títí Bàbá fi jí.

Mi ò jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ fún Bàbá pé òtútù pọ̀ jù nínú yàrá, kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo padà ní Túsìdeè, àmì náà ti fẹ̀ tó ẹnu ife tíì, Bàbá sì ti wà níwájú rẹ̀. Àǹtí ló tì wọ́n wọlé kó tó lọ síbi iṣẹ́, kò kíyè sí nǹkan kan.

"Kí lo fi kàn án?" Wọn ò yíjú sí mi.

Mo kúnlẹ̀. "Òróró ni, sà."

"Ti oúnjẹ?"

"Ti àdúrà, sà."

Wọ́n ń wo àmì náà. "Kí lo ní kó ṣe?"

"Mo ní kó lọ, sà. Nítorí ọmọ mi. Ẹ dárí jì mí."

"Ó ṣe nǹkan kan fún ọmọ rẹ?"

Mo ronú kí n tó dáhùn. "Ó kọ́ ọ pé kó fi àyè sílẹ̀ nínú àwòrán."

Ìdajì ojú Bàbá tó ṣì lè mira mì díẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, kí n fi ìka wọn àyè náà. Ìka márùn-ún péré ló kù. Wọ́n ṣàlàyé pé bébà yẹn ń mu nǹkan bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, pé òróró á máa rìn lọ ni, kò sì sí bí tàdáwà ṣe lè dúró lórí òróró. Láti òkè wá sísàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé tiwọn, ìlà òró kan sì ń gba ìka méjì. Ìlà mẹ́rin ni ewì tó wà nínú wọn.

"Mo lè fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí, "kó jẹ àyè náà tán. Nígbà náà kò ní parí láéláé." Wọ́n tẹ́ etí. Èmi náà gbọ́ ọ, omi àti ìkòkò. "Ṣùgbọ́n kò ní sí ibi tí mo lè dá a lóhùn sí. Á máa dúró dè mí lásán."

Wọn ò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Mo lọ sílé, mi ò lè jẹun. Kò sí oríṣi ohun tí mi ò tíì ba jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mo ti fọ́ àwo, mo ti fi aṣọ funfun sínú pupa, ṣùgbọ́n àyè tí òkú fi sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ láti sọ̀rọ̀, ta ló máa ń ba ìyẹn jẹ́?

Ní Fúráìdeè, ìka mẹ́rin ló kù, òróró sì ti dé etí ìkẹrin.

"Lọ tàdáwà," ni Bàbá wí.

Tàdáwà wọn kì í ṣe ti inú ìgò. Ó le bí ẹyọ ọṣẹ, orí òkúta pẹlẹbẹ ni mo ti fi omi díẹ̀ lọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń lọ osùn, títí ó fi dúdú tó sì ń dán. Mo yọ àwòrán lára ògiri, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi ọwọ́ méjèèjì di eteetí rẹ̀ mú. Mo fọ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bébà rẹ̀.

Bàbá fi ọwọ́ òsì mú búrọ́ọ̀ṣì. Ohùn omi náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìlà méjì ni wọ́n kọ, ó wọ́ bí ìwé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì rìn lọ títí dé ẹ̀gbẹ́ òróró láì kàn án. Òógùn ń ṣàn ní ọrùn wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n kà á sókè lédè wọn, ohùn wọn kò gbọ̀n rárá. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi:

Mi ò rí òkè mọ́, mo ṣì ń gbọ́ omi.
Bí omi bá dákẹ́, màá mọ̀ pé o ti kọjá afárá.

"Òǹtẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀," ni wọ́n wí.

Mo mú un wá, òkúta kékeré, àti ọ̀dà pupa inú agolo. Mo nà án sí wọn.

Wọ́n mi orí. "Òun ló máa ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò tẹ̀ ẹ́ rí. Ìwọ lo kí i."

Mi ò fẹ́ ṣe é. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo wo ọmọ mi, mo wo Bàbá. Lójú mi, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ nǹkan fún obìnrin tí mo ní kó jáde nínú ilé rẹ̀, mo sì sọ pé, "Ẹ má bínú, mà." Mo tẹ òǹtẹ̀ náà sí abẹ́ ìlà kejì.

Omi náà dá wáí. Kò kan ẹnu ìkòkò. Ó dá lágbedeméjì, bí ìgbà tí ẹnì kan bá gbọ́ ìpè tó sì gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ mi yí ojú tẹ̀lé nǹkan kan láti ìdí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà, ó sì fara mọ́ ògiri, bí mo ṣe kọ́ ọ pé kó máa ṣe bí àgbàlagbà bá fẹ́ kọjá.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo dúró de Àǹtí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, òróró, àtàǹpàkò, gbogbo rẹ̀. Mo ti rò ó pé ó máa lé mi. Ó wo ìlà méjì náà, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sunkún títí, ó sì gbá mi mọ́ra. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n," ló wí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọpẹ́ yẹn sí. Òróró mi lé Màmá lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ṣe rò, kì í sì í ṣe bí èmi náà ṣe rò. Ńṣe ló kàn gba àyè lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan títí kò fi sí ohun tó lè ṣe mọ́ ju kó dágbére.

Nígbà tí mo padà ní Túsìdeè, Bàbá ti wà ní pálọ̀. Mo se ìrẹsì wọn rọ̀ bí ẹ̀kọ, wọ́n jẹ ẹ́ tán, ohun tí wọn kì í ṣe. Mo nu ẹnu wọn. Mo bi wọ́n bóyá kí n tì wọ́n lọ sí yàrá.

"Rárá."

Wọ́n wo pálọ̀ náà yí ká, wọ́n wo ọ̀nà tó lọ sẹ́yìn, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ lópin rẹ̀.

"Ilé yìí fẹ̀ lónìí," ni wọ́n wí.

Mo di ẹ̀yìn àga náà mú, a sì jọ ń tẹ́tí.